Ambrose Ti Kú, Fíìmù Rẹ̀ Ṣì Wà ní Àtìmọ́lé

Ambrose kú ní Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nínú yàrá kan ṣoṣo tí Màmá Àjọkẹ́ fún un láti gbé nínú ilé rẹ̀. Kí a tó sin ín, rédíò ti ń pariwo pé "ọ̀rẹ́ tòótọ́" ìjọba lọ. Ọ̀rẹ́! Ọ̀rẹ́ wo là ń gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a wá há a mọ́lé fún ọdún mẹ́jọ?

Òyìnbó ni, ọmọ ẹni tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fíìmù ló ń ṣe lọ́hùn-ún: ti àwọn tí onílé lé sójú títì, ti àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń wúkọ́ nínú yàrá tó ń jò. Inú àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ kì í dùn sí i, ṣùgbọ́n wọn ò tì í mọ́lé. Àwa la dá àrà yẹn.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn bí omi òjò, àwọn aláṣẹ wa ránṣẹ́ pè é pé kó wá ya ìdàgbàsókè wa fún aráyé rí. Ó dé. Dípò kó jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó forí lé ọ̀nà Òkè-Ọdẹ nínú òjò. Ibẹ̀ ló ti bá lọ́rì kan tó rì sínú ẹrẹ̀. Suliat wà nínú rẹ̀, ó ń rọbí. Ambrose gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó bá wọn ti lọ́rì títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Lọ́rì kò mira. Suliat kú síbẹ̀, tòun tọmọ.

Ràímì, ọkọ rẹ̀, ló sọ fún un pé: "Òyìnbó, gbé ẹ̀rọ rẹ. Ya ọ̀nà yìí. Ya èmi náà. Kí àwọn tó rán ọ wá rí i."

Ó yà á. Wọ́n sì rí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ti fíìmù mọ́ yàrá kan, wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò ní Ọ̀mù-Àrán. Ìjọba yẹn lọ. Ológun dé, ológun mìíràn lé wọn. Gbogbo wọn ló bá kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀; èwo nínú wọn ló ṣílẹ̀kùn?

Nǹkan wá le. Ọṣẹ di góòlù, mílíìkì di ìtàn. Ambrose a máa rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Arandun, a dúró, a yí padà. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò sá lọ. Yorùbá rẹ̀ ti já gaara nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín: "Ilé tí wọ́n tì mí mọ́ yìí, kò ní ògiri tí mo lè fò."

Nígbà tí àyà ń dùn ún tí kò lè mí dáadáa mọ́, ọ̀gá ìjọba kan wá láti Ìlọrin. "Fọwọ́ sí i pé irọ́ lo yà," ó ní, "kí o gba ìwé rẹ, kí o lọ gba ìtọ́jú nílùú yín."

Màmá Àjọkẹ́ bẹ̀ ẹ́: "Ọmọ mi, fọwọ́ sí i. Ẹ̀mí ló jù."

Ó mi orí. "Màmá, bí mo bá ní irọ́ ni, Ràímì ni mo pè lópùrọ́ yẹn. Suliat ńkọ́? Ṣé kò kú ni?"

Ọ̀gá náà ki bírò bọ àpò, ó lọ.

Ọ̀gá yìí kan náà ló gbé òdòdó wá sí ẹ̀bá ibojì, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù. Ta ni wọ́n ń tàn? Ẹni tí ẹ kò jẹ́ kó relé lọ wo ara rẹ̀, ṣé òdòdó ló máa wò ó sàn?

Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kankan. Ẹ gbé fíìmù náà wá sí Òkè-Ọdẹ, ẹ fi hàn ní gbangba, kí Ràímì jókòó síwájú. Kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó pàṣẹ. Bó bá wà láyé, kó wá rojọ́. Bó bá sì ti kú, ẹ fi sàréè rẹ̀ hàn wá. A óò lọ bi í léèrè níbẹ̀.