Oúnjẹ Tí Ìdíátù Fún Ìrẹsì

Etíkun Fidjrossè ni mo ti kọ́kọ́ rí Ìdíátù, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn kan ń wẹ̀, àwọn kan ń jẹ ẹja yíyan; òun nìkan ni ó ń fi abọ́ ike bu iyanrìn sínú àpò. Ó ní kí n bá òun di ẹnu àpò náà mú. Mo bi í bóyá ilé ni ó ń kọ́.

"Rárá o, ọ̀gá. Ìrẹsì ni mo fẹ́ fún lóúnjẹ."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ìdíátù jẹ́ akọ̀wé ní kọ́léèjì kan ní Cotonou, ọmọ ìdílé Àgùdà, àwọn tí babańlá wọn ti Brazil padà wá, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni tiwọn. Àbúrò bàbá wọn fi ilẹ̀ àbàtà kan sílẹ̀ fún òun àti Mùílíù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sèmè-Kpodji, ibẹ̀ ni ó sì ń gbin ìrẹsì sí. Ọdún méjì léraléra ni ìrẹsì náà ga dáadáa, tí afẹ́fẹ́ òkun sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní kí ó tó gbó. Mùílíù fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún ẹni tí yóò kọ́lé sí i. Àdéhùn wọn ni pé bí ìrẹsì bá tún ṣubú lọ́dún náà, kò sí àròyé mọ́, títà ni.

Ìdíátù wá gbọ́ lórí rédíò pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní sílísíọ́mù ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ ìrẹsì àti àgbàdo le, àti pé ó kún inú iyanrìn. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó pa rédíò, ó gba etíkun lọ.

Àpò mẹ́fà ni ó dà sórí irúgbìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, iyọ̀ òkun ti jó gbogbo rẹ̀. Mùílíù wá wò ó, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ìdíátù, iyanrìn ni gbogbo Sèmè. Ṣé èyí tó wà nílẹ̀ kò tó ìrẹsì rẹ ni, àbí ti Fidjrossè ló dùn jù?"

Ìdíátù bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Abomey-Calavi, sọ́dọ̀ Màdáámù Adéọlá tí ó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ ní yunifásítì.

"Tàǹtí, ẹkùrọ́ wà nínú èèpo," ni Adéọlá wí, "ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò ní òkúta tí yóò fi pa á."

Ó ṣàlàyé pé sílísíọ́mù inú iyanrìn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, èyí tí ó bá yọ́ nìkan ni gbòǹgbò sì lè mu. Ìrẹsì a máa kó o sínú ẹsẹ̀, ewé àti èèpo rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ó tètè wó, kì í sì í jẹ́ kí ó rọrùn fún kòkòrò láti jẹ ẹ́. Ó bi Ìdíátù pé níbo ni èèpo ìrẹsì díẹ̀ tí ó ń rí kó ń lọ. Ìdíátù ní ọlọ́lọ tí ó ń bá òun bó o ni ó ń dà á sí gọ́tà.

"Oúnjẹ oko yín ló wà nínú gọ́tà yẹn."

Ó ní kí Ìdíátù jó èèpo náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú, kí ó má jẹ́ kí ó funfun, nítorí èyí tí iná bá jó jù kì í tètè yọ́ mọ́. Kí ó pò ó mọ́ ilẹ̀. Kí ó fi pòròpórò ìrẹsì sílẹ̀ lóko kí ó jẹrà. Kí ó má sì torí eérú pa ìgbẹ́ ẹran tì, nítorí ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ìdíátù tún irúgbìn fọ́n. Ọlọ́lọ fi ayọ̀ kó èèpo fún un, ó ní òun ti ń wá ẹni tí yóò gbà á. Àmọ́ nígbà tí ó fọ́n eérú dé ìdajì oko, ó tán. Ìdajì kejì, àdúà ni ó fi ṣe eérú tirẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, òjò àti afẹ́fẹ́ jà mọ́jú. Láàárọ̀, Mùílíù mú ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ wá. Ìrẹsì tí ó wà lápá ọ̀nà ti sùn gbalaja. Ti apá kejì dúró ṣinṣin, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sáàárín wọn. Mùílíù rin ìlà náà dé òpin, ó sì rìn ín padà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á bi í pé èwo gan-an ni títà.

"Èyí tó sùn ni," ni Mùílíù wí. "Èyí tó dúró ti ní ẹni tó ni ín."

Ọdún tó kọjá ni Ìdíátù fẹ̀yìn tì. Ó ń gbé ní Sèmè-Kpodji báyìí, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì rẹ̀.