Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo ti rí láti kékeré nìyẹn, ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí gbogbo ayé ń jó ní títì pé a ti gba ìpínlẹ̀ tiwa, ẹrù ni èmi ń dì. Akúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òun ní ọ́fíìsì ìjọba, èmi ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Adó, mo sì ti ń fọkàn yan ilé tí a ó gbé níbẹ̀. Àṣé Ìṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé èmi lọ, ìlú ọkọ mi, sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ọgbà rẹ̀ fara kan ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ilé náà ni wọ́n gbé mi lọ. Mo ní ilé ta ni?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ́ kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu ní ilé yẹn báyìí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn mi jẹ. Èyí kò dùn mí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé mo wà nílé ọkọ láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsí ọkọ níbẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ń wá. Ìyá rẹ̀ ni mo ń bá gbé, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó kéré jù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá fi bébà di àkàrà tàbí ẹ̀pà fún un, á kọ́kọ́ ka bébà náà tán kí ó tó jẹun.

Ẹ mọ bí ilé wa ti rí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni. Ìyàwó á wá orúkọ tirẹ̀ fún un, á máa pè é ní Akọ̀wé tàbí Adúmáadán tàbí ohunkóhun tó bá sọ sí i lẹ́nu. Wọ́n ṣì ń pọn àbúrò ọkọ mi yìí nígbà tí mo wọlé, mo sì sọ ọ́ ní Ọkọ Mi Kékeré. Mo ń fi orúkọ yẹn gẹ̀ ẹ́, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn tí wọ́n fi fi kíláàsì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní mo ṣí rẹ́jísítà, mo ń pe orúkọ wọn. Wọ́n ń dáhùn, "Pirẹ́sẹ́ǹtì, mà," títí mo fi kan tirẹ̀. Ẹnu mi kọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i níbi tó jókòó, mo fàmì sí i, mo kọjá lọ sí orúkọ tó kàn. Kí ni n bá ṣe? Ògiri ọgbà wa kò ga rárá, ìyá ọkọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń yan gàrí, etí rẹ̀ sì mú. Bí mo bá fẹ́ bi ọmọ náà ní ìbéèrè, mo máa ń ní, "Ọkọ mi kékeré, dìde." Kíláàsì á hó yèè. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ fi ń pè é ní ọkọ tíṣà. Mo na àwọn kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn, pàbó ló já sí. Ni mo bá kúkú dákẹ́, n kò pè é mọ́ rárá. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é.

Ní àsìkò yẹn, gbogbo Sátidé ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwa olùkọ́ ti ń kàwé kún ìwé. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó dá lórí àṣà, iṣẹ́ ọnà àti bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí eruku ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, a máa rìn síwá sẹ́yìn bí ó bá ń sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní a kì í bí àṣà mọ́ ènìyàn, kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Ó fi àwòrán ilẹ̀kùn kan hàn wá, iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ ní agbègbè wa. Ó ní ta ni ọba níbẹ̀? Gbogbo wa nawọ́ sí ẹnì kan náà. Ó ní báwo ni a ṣe mọ̀? A ní òun ló tóbi jù. Ó ní ẹ ṣeun, agbẹ́gi yìí kò wo ẹni tó wà nítòsí tàbí ẹni tó jìnnà, ipò ni ó wò. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń rò ó pé bí wọ́n bá gbẹ́ ilé ọkọ mi sára ilẹ̀kùn, ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ni yóò tóbi, èmi yóò wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn adìyẹ. Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí, sà.

Ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń súnmọ́lé nígbà náà, ọkàn mi sì wà lára ọmọ yẹn ju gbogbo wọn lọ. Òun ló mọ̀wé jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kò nawọ́ mọ́. Nígbà tó yá, á ní orí ń fọ́ òun, á tẹ̀ lé àwọn ará ilé lọ sí oko kòkó. Ní ọjọ́ kan tí èmi àti ìyá ọkọ mi jọ ń be iṣu, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ní òun ò ṣe ìdánwò mọ́. Ó ní irun dídì ni òun fẹ́ kọ́."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ fún un?"

Ó ní, "Kí ni n fẹ́ sọ? Ìwọ lò ń kọ́ ọ. Lọ bi í. Tí ọmọ bá sá fún ìwé nínú ulé tí tíṣà wà, ọ̀dọ̀ tíṣà ni à á ti bèèrè."

Mo bá ọmọ náà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ. Mo ní, "Ọkọ mi kékeré, kí ni mo gbọ́ yìí?" Kò gbójú sókè. Mo ní ta ló sọ pé kò ní yege, ó ní kò sí ẹnì kan. Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ní, "Àbí mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kì í pè mí."

"Kí wá ni mò ń pè ọ́ yìí?"

"Ní kíláàsì ni mo wí. Gbogbo wọn ni ẹ̀ ń pè. Tó bá ti kàn mí, ẹ á dákẹ́. Wọ́n ní torí pé ẹ̀ ń bá màmá mi jà ni. Tí n kò bá wá, ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìjà kẹ̀? Nítorí màmá rẹ̀ kan náà ni mo ṣe ń pa ẹnu mọ́! Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀wọ̀ ni, pé òun ni ọkọ mi, pé bí mo bá pè é, mo ti rí gbogbo ilé fín. Ó fún aṣọ rẹ̀, ó sá a, ó wọlé lọ.

Ní Sátidé, ọ̀gá wa ya ènìyàn méjì sójú pátákó, ó fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ó ní ohun tí ẹ rán kọ́ ni ọ̀rọ̀, ohun tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ rán an sí ni. Mo nawọ́, mo sọ tèmi fún wọn. Kíláàsì dàrú. Ọkùnrin kan ní kí n pe orúkọ ìsàmì rẹ̀. Àwọn yòókù ní ṣé orúkọ ìsàmì kì í ṣe orúkọ ni? Ẹlòmíràn ní kí n pe ti bàbá rẹ̀. Mo ní, "Bàbá ọkọ mi? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Obìnrin kan láti Emùré ní bí òun bá dán an wò ní ilé tòun, wọn yóò gbé ẹrù òun síta. Ọ̀gá dúró lójú kan, èyí tí kì í ṣe. Ó ní ohun yòówù kí n ṣe, kí n má jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, ẹsẹ̀ mi kò dúró, títí ẹni tó jókòó tì mí fi bi mí bóyá òtútù ń mú mi.

Ní Mọ́ńdè mo dá ọgbọ́n kan. Mo fún gbogbo kíláàsì ní nọ́ńbà, mo ní nọ́ńbà ni n ó máa pè. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó wọlé wá. Ó ní, "Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ni, tíṣà?" Bí ọgbọ́n náà ṣe parí nìyẹn. Ọ̀gá àgbà tún sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò kó orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò lọ sí Adó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ náà gbọ́, ó ń wo ojú fèrèsé. Mo mọ̀ pé bó bá ti jókòó sí ìdí irun báyìí, ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá a ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Lálàmísì, tó ku ọ̀la kí ọ̀gá àgbà lọ sí Adó, mo ṣí rẹ́jísítà. Nígbà tó kan án, mo pè é. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, lódindi, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe gbogbo wọn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ògiri, igbá tó ń ha ìdí agbada gàrí dákẹ́. Àwọn yòókù kì í dìde bí wọ́n bá ń dáhùn, ṣùgbọ́n òun dìde. Ó ní, "Pirẹ́sẹ́ǹtì, mà." Mo fàmì sí i, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo sì fi àmì náà sí.

Nígbà tí mo fi dé ilé lọ́sàn-án, àwọn obìnrin tí wọ́n bí sí ilé náà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni olórí wọn. Ìyá ọkọ mi jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá àgbà tó jẹ́ olórí wọn ní, "Ta lo pè láàárọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọmọ kíláàsì mi ni, mà."

Ó ní, "Ṣé kíláàsì ló gbé ọ níyàwó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ìdánwò, mo sọ ti irun dídì, mo sọ bí ọmọ náà ṣe rò pé mo kórìíra òun. Ohùn mi ti ń ga, mo sì mọ̀. Màmá àgbà ní ti ìdánwò lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ fún ọkọ tí mo fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, kí n bẹ̀ ẹ́, ohun tó bá sì ní kí n ṣe ni n ó ṣe, ọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n mú ọmọ náà jáde pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi, omi sì ti lé sí mi lójú. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá wá yíjú sí i, ó ti ń rẹ́rìn-ín, torí ibi tí eré náà ti máa ń dùn ni a dé yìí: ọmọ á ní òun fẹ́ ẹran tàbí bàtà, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, wọn á tú ká. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ti bẹ̀ ọ́. Kí lo fẹ́ kó ṣe fún ọ?"

Ọmọ náà di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Kí àǹtí tún pè mí lọ́la."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Màmá wo ọmọ, ó wo àwọn yòókù, ó sì wo ìyá ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi dìde níbi tó jókòó sí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

Ó ní, "Dìde, ìyàwó. O ti gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ wí."