Bátìrì Tó Ń Gbọ́ Tí Kò Lè Fèsì

Baba Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iná ìjọba kò dé òpópónà wọn rí, síbẹ̀ ó fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ kan jọ, èyí tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń wọn bí òjò ṣe ń rọ̀ tó, ní ibùdó kan nínú igbó tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù kò dé. Bátìrì ńlá méjì ló ń gbé ẹ̀rọ náà, sólà orí òrùlé ló sì ń ṣáájì wọn. Ọdún méjì gbáko ni kò fi ra bàtà kí ó tó rà wọ́n.

Nígbà tó lọ tọ́jú ojú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ onígbàjámọ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún. Nígbà tí Baba Wáyà dé, ó fi mítà tó ń wọn iná kan bátìrì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbéra dáadáa. Ó tán, ó jókòó. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn: bátìrì tó ti kú lè gbé abẹ́rẹ́ sókè bí kò bá tíì ru ẹrù, ìyẹn bí ẹ̀rọ kan kò bá tíì máa fa iná rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ta ni í yẹ ẹrù wò lẹ́yìn ọmọ ìyá ẹ̀?

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, ohùn ọmọ rẹ̀ dún ketekete.

"Bàbá mi, wọ́n fún mi nípò ọ̀gá ní ibùdó kejì. Ọkọ̀ ń gbéra láago márùn-ún. Bí mi ò bá gbọ́ 'ó dáa' lẹ́nu yín, mi ò ní lọ o."

Baba Wáyà tẹ bọ́tìnnì tó fi ń sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ kì í jẹ iná púpọ̀. Sísọ ló ń gbé e mì káló. Ẹ̀rọ kú pi. Ó tú bọ́tìnnì sílẹ̀, ohùn ọmọ padà.

"Mo gbọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá dákẹ́. Ẹ̀ ń bínú ni?"

Ó dojú bátìrì dé. Ọ̀dà pupa tó fi sàmì sí ìdí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Bátìrì méjèèjì wà lábẹ́ àga, kílípà ń kùn lórí oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n parí orí yìí ná. Tèmi ló kú, mo sì rò pé rédíò lásán lẹ̀ ń fi tiyín gbọ́."

"O wá fọ òkú bátìrì mọ́, o gbé e sípò tèmi?"

"Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá!"

Ẹ̀gbọ́n fa wáyà yọ. Oníbàárà fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Bàbá, apá kan ṣì kù o!"

"Fi fìlà bò ó."

Aago márùn-ún ti lé kí ó tó gbé bátìrì rẹ̀ délé, kí ó tó tún tẹ bọ́tìnnì. Iná kò mì rárá.

"Ó dáa, ọmọ mi. Máa lọ."

"Ọkọ̀ ti lọ, Bàbá mi. Wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Àbí bátìrì yín ló kú ni?"

"Bátìrì mi ò kú. Bàbá rẹ kékeré ló jí i gbé."