Bàbá Ìyàwó Nínú Búùtù

Kò sí àgbàlagbà kan ní Bukuru nítòsí Jos tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí búùtù mọ́tò láti kó ẹrù ìyàwó, tí bàbá ìyàwó sì sọ̀kalẹ̀ láti inú rẹ̀. Agbádá funfun ló wọ̀ kúrò nílé, ṣùgbọ́n gírísì ti sọ ọ́ di aláwọ̀ méjì. Ó tún fìlà dé, ó sálámà sí àwọn àna rẹ̀.

Àlàájì Sàláúdéènì, bàbá ọkọ, yanu sílẹ̀. “Lùkúmọ̀n, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí bàbá máa sin ọmọ rẹ̀ wá sílé ọkọ?”

“Àlàájì, ta ló sìn ín? Àwọn tó sìn ín ló jókòó síwájú yẹn. Èmi, àárín ẹrù ni mo wà. Ẹ kà mí mọ́ ìkòkò.”

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ògiri dì mú. Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà: wọn ò fún un ní àga láàárín àwọn àna. Orí ẹní níbi tí wọ́n to ìkòkò sí ni wọ́n ti gbé oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ Ìlọrin ni Lùkúmọ̀n, àdúgbò Ali Kazaure ní Jos ló ń gbé, àtúnṣe ẹ̀rọ ìlọta sì niṣẹ́ rẹ̀. Kò jókòó nílé ìwé rí, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá mọ̀ nípa bẹ́líìtì, a jẹ́ pé kò sí lára bẹ́líìtì. Bí ẹ̀rọ bá ń ké ní òdìkejì títì, ó lè jókòó sílé kó sọ fún ọ bóyá àgbàdo ni wọ́n ń lọ̀ àbí ata, àti ìyá tó ni ata náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni òyìnbó awakùsà kan ní Dogon Dutse ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, tó fẹ́ ta mọ́tò kékeré kan tí kò ní jíà. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lábẹ́ búùtù. Àwo irin méjì ló há bẹ́líìtì náà sáàárín. Bí àwọn àwo bá sún mọ́ra, bẹ́líìtì a gòkè. Bí wọ́n bá yàgò fúnra wọn, a rọ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe ń pààrọ̀ ìrìn fúnra rẹ̀. Òyìnbó dárúkọ owó, Lùkúmọ̀n ní àgbò lòun mú wá. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, àgbò ti jẹ òdòdó inú ọgbà òyìnbó tán. Òyìnbó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, ó ní kí tọkùnrin tàgbò ṣáà máa lọ. Lùkúmọ̀n wa mọ́tò délé, àgbò jókòó sẹ́yìn.

Àṣé wàhálà ló rà. Bí òkè bá ti dé tàbí tí òjò bá ti rọ̀, bẹ́líìtì á máa yọ̀. Ẹ́ńjìnì á máa pariwo, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan. Bámgbóṣé, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa rélùwéè, máa ń dúró wò ó.

“Lùkúmọ̀n, ọkọ̀ rẹ yìí mọ ẹnu lásán ni, kò mọ ìrìn.”

“Ọkọ̀ tìẹ ńkọ́, tí wọn ò bá to irin sílẹ̀ fún un, ṣé ó lè rìn?”

Lùkúmọ̀n yọ pọ́ńpù bíréèkì lára lọ́rì tó ti kú, ó so páìpù mọ́ ọn, kí ọ́ìlì lè máa ti àwọn àwo náà papọ̀ kí wọ́n di bẹ́líìtì mú. Ó wá fi ọ̀pá kan sínú búùtù tí ènìyàn á máa fà láti fi ti ọ́ìlì náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fà á tagbáratagbára. Bẹ́líìtì gbóná, ó rú èéfín, ó já, ó sì ṣí fìlà kúrò lórí Bámgbóṣé. Fìlà náà kò tíì délẹ̀ di òní.

Kúbúrá ìyàwó Lùkúmọ̀n ló la ọ̀rọ̀ náà yé e, láìmọ̀. Ó pọn ọmọ aládùúgbò, ó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀, ó dúró, ó tún ọ̀já fún.

Lùkúmọ̀n ní, “Kí ló dé tí o ò ti fún un báyẹn látilé?”

“Haba, Bàbá Hàbíbátù. Ọmọ ni mo pọ̀n, n ò di igi.”

Ojú Lùkúmọ̀n là. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni kí ọ́ìlì ṣe tì í tó. Bí ó bá kéré, bẹ́líìtì á yọ̀; bí ó bá pọ̀ jù, bẹ́líìtì á jóná. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ ìwọ̀n yìí fúnra rẹ̀. Kí ó tó rí i, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà nínú búùtù, tó ń fa ọ̀pá, tí Bámgbóṣé ń wa ọkọ̀.

Ìgbà náà ni ìgbéyàwó Hàbíbátù dé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àlàájì Sàláúdéènì ní òun á fi mọ́tò ńlá ránṣẹ́. Lùkúmọ̀n ní mọ́tò tí òun fọwọ́ òun tún ṣe ni yóò gbé ọmọ òun wọlé ọkọ. Àlàájì gbà, ṣùgbọ́n ó ní mọ́tò ńlá á máa tẹ̀ lé wọn. Bí bẹ́líìtì bá yọ̀ lọ́nà, ibẹ̀ ni ìyàwó á ti bọ́ sínú rẹ̀.

Kúbúrá ní, “Ta ni yóò fa ọ̀pá? O mọ̀ pé bàbá kì í báwọn lọ.”

“Mi ò bá wọn lọ. Ẹ̀rọ ni mò ń bá lọ.”

Òjò dé kí wọ́n tó jìnnà. Ìyàwó àti àwọn obìnrin tó sìn ín ń kọ wákà, ni ohùn kan tó ki bá ń gbè é láti ẹ̀yìn.

Ìyá àgbà kan ní, “Bámgbóṣé, ta ní ń gbè wá?”

“Ẹ́ńjìnì ni, Màámà.”

“Ẹ́ńjìnì wo ló mọ wákà?”

“Ìlọrin ni wọ́n ti tún un ṣe.”

Mọ́tò ńlá rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bẹ́líìtì kò yọ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Àlàájì.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń ṣe mọ́tò tí ọ́ìlì ń di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Lùkúmọ̀n wo àwòrán náà pẹ́. “Wọ́n ti gba Ali Kazaure kọjá,” ló sọ.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá a, tí wọ́n ṣàdúà fún un tán, Hàbíbátù àti Bámgbóṣé jókòó sí iwájú ilé. Hàbíbátù tún ìtàn búùtù náà sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Bámgbóṣé nu ojú. “Ọ̀pá tó ń fà lọ́jọ́ náà, kò sí páìpù lára rẹ̀ mọ́.”

“Báwo?”

“Ẹ̀rọ náà ti ń mọ ìwọ̀n fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Àwa méjèèjì la jọ dán an wò ní òkè Dogon Dutse, kò sẹ́ni tó wà nídìí ọ̀pá. Àṣeyọrí tó tóbi jù láyé rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Lùkúmọ̀n tó jẹ́ pé tó bá sín, ó máa ń fẹ́ kí gbogbo Jos gbọ́.”

“Kí ló wá ń ṣe nínú búùtù, nínú òjò yẹn?”

“Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ti ń dá a ṣe, wọ́n á ní kí òun dúró sílé.”

Hàbíbátù kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Mo mọ ohùn rẹ̀ nínú wákà yẹn,” ló wí. “Mo kàn ń kọ ọ́ sókè sí i ni, kí ó lè máa gbọ́ mi.”