Ọwọ́ Jasuben Kọ́ Ló Ba Wàrà Jẹ́

Wàrà dídì tí Jasuben ń tà ní ìlú Ahmedabad tún ti kan gógó kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà òtútù ńkọ́? Kì í dì, bó tilẹ̀ fi aṣọ wé ìkòkò bí ọmọ tuntun. Àwọn oníbàárà ti ń sá.

"Màmá, ọwọ́ yín ló ti darúgbó," ni Hasmukh ọmọ rẹ̀ wí, òun tó gé dóńgóyárò àgbàlá, tó da kankéré bolẹ̀, tó kan páànù sórí ilé.

"Bọ́ sálúbàtà ẹ, ọkọ mi. Dúró sí àgbàlá."

Ó dúró, kankéré gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀, ló bá ń ta pọ́nún.

"Igi tó o gé yẹn ló máa ń bá wa gba oòrùn, tó máa ń bá wa gba òtútù. Gbin òmíì."

"Màmá, ilẹ̀ dà?"

"Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ. Lọ mú òòlù."