Ẹran Ara Tí À Ń Kó Relé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní àdúgbò Bépanda ní Douala, láti ara oúnjẹ tí ìyá wa ń gbé síwájú bàbá la ti máa ń mọ̀ pé ó fẹ́ lọ sílé ní Nàìjíríà. Ẹran á pọ̀ sí i, epo á léfòó lórí ọbẹ̀, dòdò á sì tẹ̀lé e. Bí bàbá bá ní òun ti yó, ìyá wa á ní, "Ẹ jẹ ẹ́ jàre! Ṣé kí àwọn ará ilé lè sọ pé mò ń fi ebi pa yín ní Douala ni?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á fa àwo náà mọ́ra.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún ni ẹ̀rí pé àjò dára nígbà náà. Bí bàbá bá sì ti padà dé, á tún gbé ẹrù aṣọ tó ń kiri tà lérí, á fẹsẹ̀ rìn dé Akwa, á gba Ndokoti wálé. Láìpẹ́, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́ padà.

Ọmọ mi ọkùnrin kò gbé ẹrù rí. Ìjókòó ló fi ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ndokoti. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ọ̀kadà ni yóò pè. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà sọ fún un lójú mi pé sísanra rẹ̀ ti ń ni ọkàn rẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn kò tíì wọlé. Kó máa rìn, kó dín epo, iyọ̀ àti ohun mímu aládùn kù. Ó gbọ́ràn. Àárọ̀ àárọ̀ lèmi àti òun jọ ń rìn kí oòrùn tó mú. Ara rẹ̀ fúyẹ́, bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ ihò tuntun, ó sì ń gun àtẹ̀gùn láìdúró mí.

Àfi bí Iléyá ṣe ń bọ̀, tó fẹ́ lọ sílé. Ẹ wá wo ọmọ mi nídìí àwo! Mo ní kí ló dé.

"Bàbá, bí wọ́n bá rí mi báyìí, wọ́n á ní àìsàn ń ṣe mí. Wọ́n á ní Douala ti le mọ́ mi. Bí mo bá padà dé, a ó tún máa rìn."

"Àìsàn náà gan-an lo ń jẹ yìí!"

Ó tún bu ọbẹ̀ sí i. Èmi nìkan ni mo rìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo pe àbúrò mi obìnrin nílé, pé kó bá mi kìlọ̀ fún mọ̀lẹ́bí, kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan nípa ara ọmọ náà. Mo ṣàlàyé ọ̀rá, mo ṣàlàyé ọkàn, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò kúkú rù jù, àbí?"

Mo pa fóònù.

Ayé ti yí. Ẹsẹ̀ wa ti kúrò nílẹ̀, a ti jókòó sórí ọ̀kadà àti sídìí káńtà, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo ara wa ṣì wà níbi tí ìyá mi fi í sí. Ẹran ara tí bàbá mi kó relé, ìrìn ló gbà á lára rẹ̀. Ta ni yóò gba ti ọmọ mi? Ẹ̀yin ará ilé, bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kó bá yín gun òkè ẹ̀yìn ilé wa, kí ẹ sì fetí sí bó ṣe ń mí.