Bàbá Mi àti Sàréè Òǹkọ̀wé Ará Jámánì

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni mo fi ń rántí ibi ìsìnkú kan ní Suitland, lẹ́bàá Washington, níbi tí bàbá mi máa ń kó wa lọ ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń lọ wo sinimá. Òǹkọ̀wé ará Jámánì kan ni wọ́n sin síbẹ̀, ẹni tí ìjọba ìlú rẹ̀ dáná sun ìwé rẹ̀, tó sì sá wá kú sí Amẹ́ríkà. Òǹkọ̀wé ni bàbá tèmi náà. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba Nàìjíríà ló lé e kúrò nílé. Á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí òkúta, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o." Ẹ̀rín á pa wá. Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á pé ibẹ̀ ni ọkọ òun náà máa parí sí, torí àwọn ológun ti gbéjọba sílẹ̀, àwọn ará ilé sì ń pe bàbá mi ṣáá pé kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà: "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ọkùnrin, tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá, nàka sí ẹ̀gbẹ́ sàréè náà. "Daddy, ààyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ friend yín o. Ẹ jẹ́ ká bá yín reserve ẹ̀ kó tó tán." Ó rò pé ẹ̀bùn ńlá ni, torí bẹ́ẹ̀ làwọn òbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ra tiwọn sílẹ̀.

Ìyá mi figbe ta. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ta ló ń wá sàréè fún alààyè?"

Èmi ti ń retí pé bàbá mi á gbá a létí. Ṣùgbọ́n ó kàn tẹjú mọ́ koríko náà. "Má bínú sí i," ló wí fún ìyá mi. "Ẹ̀gbọ́n yìí kú kí àwọn tó lé e tó kúrò lórí àlééfà. Àwọn tó lé èmi ti lọ. Kí ni mo tún ń ṣe níbí?"

Kí ọdún náà tó parí, ó wọ bàálù, èmi ni mo sì sìn ín lọ. Ní Ọ̀yọ́, ìlú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ kí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ba ẹsẹ̀ bàbá mi méjèèjì. "O fẹsẹ̀ ara ẹ wọlé," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi ilé àti ìwé ẹ̀rí bàbá wọn yangàn. Tèmi ò ju gbólóhùn obìnrin yẹn lọ, orí mi sì máa ń wú nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.